Détà ojú ọjọ́ fún àwọn ìlú ayé àròsọ mi: ẹ bá mi yẹ àtẹ yìí wò

Ọmọ_Owé

Ọ̀kun gbogbo ilé o.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ayé kan tí ìtàn tí mò ń kọ máa wáyé nínú rẹ̀. Ayé náà tóbi bíi tiwa, ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 23 bíi tiwa, oṣù méjìlá ló wà nínú ọdún rẹ̀. Máàpù ti parí: òkun, odò, òkè, gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀. Ojú ọjọ́ ló kù. Mo fẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní àtẹ tirẹ̀, irú èyí tí à ń rí lójú ewé Wikipedia tí wọ́n bá ń sọ nípa ìlú kan: ooru oṣù dé oṣù, òjò oṣù dé oṣù.

Ìlú márùn-ún ni ìtàn náà máa dé. Àgbélókè wà ní látítíúdù 8 lápá àríwá, láàárín ilẹ̀, lórí ilẹ̀ tó ga tó 430 mítà (ẹ ti mọ ibi tí mo ti jí i, Kabba ni). Odò-Pàdé wà lápá ìlà-oòrùn rẹ̀, níbi tí odò ńlá méjì ti pàdé, gíga rẹ̀ kò ju 55 mítà lọ. Orí-Àpáta wà ní agbedeméjì ayé gan-an, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ òkè tó ga tó 2,400 mítà. Èbúté-Iyọ̀ wà létí òkun lápá ìwọ̀-oòrùn, látítíúdù 12 lápá gúúsù. Iyọ̀ ni wọ́n ń yán sóòrùn tà níbẹ̀. Yangí wà láàárín ilẹ̀ ní látítíúdù 26 lápá àríwá.

Àgbélókè ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ooru rẹ̀: Jánúárì 19, Épírì 27, Júláì 34, Ọ̀któbà 26, àwọn oṣù tó kù wà láàárín wọn. Òjò rẹ̀: mílímítà 100 lóṣooṣù, kó lè jẹ́ 1,200 lọ́dún, torí mo rí i pé bí ti agbègbè wa ṣe tó nìyẹn. Ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sọ òótọ́ fún mi.

Àgbẹ̀_Ìjùmú

Ọ̀kun, àbúrò. Òótọ́ lo ní ká sọ.

Ibo ni Júláì ti ń gbóná ju Máàṣì lọ lọ́dọ̀ tiwa? Tí mo bá ń lọ sóko ní Júláì, súwẹ́tà ló máa ń wà lọ́rùn mi títí aago mẹ́wàá á fi lù. Máàṣì ni ká máa sọ. Ní Máàṣì, gbé ọkọ́ sílẹ̀ sójú oòrùn lọ́sàn-án kó o tún fọwọ́ kan irin rẹ̀, wàá jù ú nù. Kajú á máa já bọ́ sílẹ̀, erùpẹ̀ ọ̀nà á ti di lẹ́búlẹ́bú, gbogbo wa á máa wojú ọ̀run bóyá òjò àkọ́rọ̀ á já.

Òjò 100 lóṣooṣù yẹn ló tún yà mí lẹ́nu jù. Òjò Dìsẹ́ńbà tó tó ti Júùnù? Ìgbà wo làwọn ará Àgbélókè máa jó ìgbẹ́? Ìgbà wo ni wọ́n máa kó iṣu sínú abà? Ibo ni ọyẹ́ máa gbà wọlé?

Tíṣà_Mopa

Bàbá Àgbẹ̀ ti fọwọ́ kan ibi tó wọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á, torí tí Ọmọ_Owé bá ti mọ ohun tó ń mú ojú ọjọ́ rí bó ṣe rí, kò ní máa bẹ ẹnikẹ́ni kó tó ṣe ìlú mẹ́rin tó kù.

Àtẹ rẹ yẹn, ti ìlú kan ní Yúróòpù ló jọ, níbi tí oòrùn ti ń ga jù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Àwa tó wà nítòsí agbedeméjì ayé, ẹ̀ẹ̀mejì ni oòrùn máa ń gba agbárí wa kọjá. Ní látítíúdù 8, nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá Épírì ni tàkọ́kọ́, nígbà tó ń lọ sí àríwá. Ìbẹ̀rẹ̀ Sẹ̀tẹ́ńbà ni tẹ̀ẹ̀kejì, nígbà tó ń padà sí gúúsù. Nígbà tó bá ń lọ, ojú ọ̀run mọ́, ilẹ̀ gbẹ, kò sí omi tí oòrùn máa fi agbára rẹ̀ fà, ilẹ̀ ló ń dáná sí. Nígbà tó bá ń bọ̀, ìkùukùu ti bo gbogbo ibẹ̀, ilẹ̀ ti tutù rinrin. Oòrùn kan náà, àmọ́ Máàṣì ló máa jóni, Ọ́gọ́ọ́sì ló máa tutù jù lọ́sàn-án.

Òjò náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ibì kan wà tí atẹ́gùn ọlọ́rinrin láti òkun Gínì àti atẹ́gùn gbígbẹ láti Sàhárà ti ń pàdé. Ibi ìpàdé yẹn ń tẹ̀lé oòrùn lọ sókè lọ sódò, ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Tó bá wà lápá àríwá wa, atẹ́gùn òkun la wà nínú rẹ̀, òjò ń rọ̀. Tó bá ti rékọjá sí gúúsù wa ní Dìsẹ́ńbà, ọyẹ́ ti dé nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé òkun wà ní gúúsù Àgbélókè, tí aṣálẹ̀ sì wà ní àríwá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe gbọ́dọ̀ rí níbẹ̀. Tó bá jẹ́ òkun ló wà lápá méjèèjì, ọyẹ́ kò sí.

Fún àyẹ̀wò, lo ìpín ojú ọjọ́ ti Wladimir Köppen, tó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1884, tí Rudolf Geiger tún un ṣe lẹ́yìn náà. Tí oṣù tó tutù jù kò bá wá sísàlẹ̀ 18, ilẹ̀ olóoru ni, lẹ́tà A. Nínú A, tí oṣù tó gbẹ jù bá ní mílímítà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀, Af ni, igbó kìjikìji tí kò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Àtẹ rẹ, Af ló jáde. Ohun tó o ń wá ni Aw, ilẹ̀ olóoru tó ní ẹ̀ẹ̀rùn. Pín òjò ọdún sí 25, yọ ọ́ kúrò nínú 100. Kí òjò oṣù tó gbẹ jù wà nísàlẹ̀ ohun tó kù, kó sì wà nísàlẹ̀ 60.

Dàákọ_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ ti ń dá ara yín lágara jù. NASA ní ojúlé kan tó ń jẹ́ POWER, ọ̀fẹ́ ni. Tẹ ibi tó wù ẹ́ lórí máàpù, á kó ooru, òjò, atẹ́gùn àti ọ̀rinrin fún ẹ lójoojúmọ́ láti 1981. Mú ti Kabba, fi orúkọ Àgbélókè sí i lórí, fi 1 kún oṣù kan, yọ 2 níbòmíì. Ta ló máa mọ̀? Ẹni tó ń ka ìtàn ò gbé tẹmómítà dání. Ayé àròsọ la ní ká ṣe, ìdánwò WAEC kọ́.

Ọmọ_Owé

Bàbá, ẹ ṣé gan-an. Tíṣà, mo ti ń tún un ṣe.

Dàákọ, mo gbọ́ tìẹ náà. Fún Àgbélókè, ó lè ṣiṣẹ́. Àmọ́ Èbúté-Iyọ̀ ńkọ́? Mo fẹ́ kó jẹ́ ìlú etíkun tí òjò ń rọ̀ sí gan-an, àgbọn àti ọ̀pẹ káàkiri, bí Èkó. Ìlú wo ni kí n dàákọ?

Dàákọ_Ẹ̀gbẹ̀

Èkó náà ni. O ti sọ ọ́ tán.

Tíṣà_Mopa

Rárá o. Èkó kọjú sí gúúsù, omi òkun tó wà níwájú rẹ̀ sì lọ́wọ́ọ́wọ́. Èbúté-Iyọ̀ wà létí ilẹ̀ ńlá lápá ìwọ̀-oòrùn, látítíúdù 12 gúúsù. Nínú ayé tiwa, ìlú tó wà nírú ibẹ̀ ni Lima, olú-ìlú Peru. Òjò tó ń rọ̀ sí Lima látọdún dọ́dún kò tó èyí tó lè já ní Kabba ní ọ̀sán kan. Kùrukùru ń bo ìlú náà fún oṣù púpọ̀, ara ògiri ń lómi, àmọ́ òjò gidi kò sí.

Ohun tó fà á nìyí. Lẹ́bàá irú etíkun bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn ń ti omi ojú òkun kúrò létí ilẹ̀, omi tútù ń ti ìsàlẹ̀ jáde rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó wà lórí omi tútù máa ń wúwo, kò lè gòkè. Afẹ́fẹ́ tí kò gòkè, òjò kò sí níkùn rẹ̀. Etíkun Nàmíbíà náà rí bẹ́ẹ̀, aṣálẹ̀ ló bá òkun pàdé.

Tó bá sì jẹ́ tòsí lo fẹ́, wo Accra. Etí òkun kan náà ni òun àti Èkó wà, síbẹ̀ òjò Accra kò tó 800 lọ́dún, Èkó sì ń gba nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Níbẹ̀, etí ilẹ̀ tẹ̀ débi pé atẹ́gùn tó yẹ kó wọlé máa ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ lọ, omi tútù sì máa ń jáde sójú òkun láàárín Júláì sí Sẹ̀tẹ́ńbà. Wá rékọjá sí Debundscha ní Cameroon, tí atẹ́gùn òkun ń gbá mọ́ ẹsẹ̀ òkè tó ga ju 4,000 mítà lọ: mílímítà bí 10,000 ló ń rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún. Ìlú mẹ́ta, òkun kan, ojú ọjọ́ mẹ́ta. Kó o tó dàákọ, ìyẹn ni kó o kọ́kọ́ wò: ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ wo, omi wo, atẹ́gùn ń bọ̀ láti ibo, òkè wà níwájú àbí lẹ́yìn.

Ọ̀nà méjì ló kù fún ẹ. Gbé ìlú náà lọ sí etíkun ìlà-oòrùn, kó o ní àgbọn àti òjò. Tàbí kó o fi í sílẹ̀ síbẹ̀: gbẹ, kùrukùru, ooru bí 19 tàbí 20, ẹja yamùrá nínú omi tútù yẹn. Lójú tèmi, fi í sílẹ̀. Ṣé o ní iyọ̀ ni wọ́n ń yán sóòrùn níbẹ̀? Iyọ̀ wo ló máa gbẹ lábẹ́ òjò Èkó?

Ọmọ_Owé

Ha! Ó kù síbẹ̀. Mo ti pa gbogbo àgbọn rẹ́ lórí máàpù.

Ìyá_Elélùbọ́

Ẹ kú àsọyé o, ẹ̀yin ọmọ mi. Èmi ò mọ Köppen, èlùbọ́ ni mò ń tà ní Kabba. Mo kàn rí i pé ohun tó kàn mí kò sí nínú àtẹ yín.

Iṣu tí mo bá bọ̀ tí mo sì sá sórí àpáta ní Jánúárì, tó o bá ṣẹ́ ẹ, á dún kó! Ti Júláì, orí àpáta kan náà, á hu, á dúdú, àfi kí n máa sá a sókè àdògán. Tí ẹ bá wá kọ ooru Jánúárì 25, tí ẹ kọ ti Ọ́gọ́ọ́sì 24, ẹni tó bá kà á á rò pé wọ́n jọra. Wọn ò jọra rárá. Jánúárì, ọ̀sán á gbóná, tó bá di òru a ó máa wá aṣọ òtútù, ètè á là, awọ á funfun. Ọ́gọ́ọ́sì, tọ̀sán tòru ò yàtọ̀ síra púpọ̀, gbogbo nǹkan á kàn lómi ni. Àwọn obìnrin Àgbélókè náà á sá nǹkan. Ẹ wá nǹkan ṣe sí i.

Kóòdù_Ìsánlú

Ìyá ti sọ ọ̀rọ̀ tó jù. Má kọ ìpíndọ́gba nìkan. Kọ ooru ọ̀sán lọ́tọ̀, ti òru lọ́tọ̀, kó o sì ní òpó kan fún ọ̀rinrin afẹ́fẹ́. Níbi tí ojú ọ̀run bá mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án ń fò lọ lóru, ọ̀sán àti òru á jìnnà síra. Níbi tí ìkùukùu bá bò, wọ́n á sún mọ́ra. Tó o bá ti ní òjò oṣù kan, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí ọ̀sán àti òru rẹ̀ ṣe máa jìnnà síra tó.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ. Ètò kan ń jẹ́ ExoPlaSim, Adiv Paradise ló ṣe é. Àwọn tó ń ṣèwádìí pílánẹ́ẹ̀tì ọ̀nà jíjìn ló wà fún, àmọ́ àwọn tó ń ṣẹ̀dá ayé bíi tìẹ ti sọ ọ́ di tiwọn. Inú Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, ló ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Gbé máàpù rẹ fún un, sọ bí ayé rẹ ṣe tẹ̀ tó, á ṣírò atẹ́gùn, ìkùukùu àti òjò fún gbogbo ayé náà. Ó ń jẹ àkókò o. Tí iná yín bá rí bí ti àdúgbò mi, wá ibi tó ní sólà kó o tó bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní ìpele T21, tí kọ̀ǹpútà alágbèéká lè gbé láìdákú, ẹyọ 64 ló pín ayé sí níbùú, 32 lóròó. Ẹyọ kan fẹ̀ tó dígírì 5.6, ó lé ní 600 kìlómítà. Kabba, Lọ́kọ́ja, Ìlọrin, Àkúrẹ́, ẹyọ kan lè gbé gbogbo wa mì. Á sọ ibi tí aṣálẹ̀ máa wà fún ẹ, á sọ ìgbà tí òjò máa wọlé. Kò lè mọ̀ pé Àgbélókè yàtọ̀ sí Odò-Pàdé.

Létí_Odò_Lọ́kọ́ja

Ọ̀kun o. Ìyàtọ̀ yẹn, ẹ bi àwa.

Ará Kabba tó bá sùn ní Lọ́kọ́ja lóru Máàṣì kò ní béèrè ohun tí gíga ilẹ̀ ń ṣe mọ́. Gun Òkè Patti lọ́sàn-án, kó o tó dé orí rẹ̀ ara á ti máa tù ẹ́. Orí òkè yẹn ga tó nǹkan bí 450 mítà, ìlú wà nísàlẹ̀ pátá létí odò, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 400 mítà láàárín wọn. Ooru máa ń fi nǹkan bí 6.5 lọ sílẹ̀ fún 1,000 mítà tó o bá gùn. Ṣírò rẹ̀: ó ju dígírì 2 àbọ̀ lọ díẹ̀. Nítorí náà, mú ooru Àgbélókè, fi 2.5 kún oṣù kọ̀ọ̀kan, Odò-Pàdé ti dé. Kó o tún fi díẹ̀ sí i fún òru, torí inú kòtò láàárín òkè àti omi, ooru kì í tètè jáde.

Ọmọ_Owé

Mo lò ó fún Orí-Àpáta náà. Mo fi 27 sí etí òkun ní agbedeméjì ayé, mo yọ 15.6 fún 2,400 mítà. Ó kù 11.4. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

Tíṣà_Mopa

Ó tutù jù. Dán ìṣirò yẹn wò lórí ìlú tó wà láyé kó o tó gbà á gbọ́. Quito, olú-ìlú Ecuador, ga tó 2,850 mítà. Ìṣirò rẹ á fún un ní 8.5, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 14 ló jẹ́. Jọ́ọ̀sì, nǹkan bí 1,200 mítà: ìṣirò á ní 19, nǹkan bí 22 ni. Iye 6.5 yẹn dára fún òkè tó dá dúró bíi Patti. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó fẹ̀ lórí òkè, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni oòrùn ń mú gbóná níbẹ̀, kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Fún Orí-Àpáta ní 15, kó o má jẹ́ kí oṣù kan yàtọ̀ sí èkejì ju dígírì 1 tàbí 2 lọ. Òtútù òru ló máa wà níbẹ̀, kò ní sí oṣù òtútù. Òjò rẹ̀, jẹ́ kó ga lẹ́ẹ̀mejì: Épírì àti Ọ̀któbà, lẹ́yìn tí oòrùn bá ti gba orí rẹ̀ kọjá.

Ọmọ_Owé

Àtẹ Àgbélókè tuntun nìyí. Ooru ọ̀sán, ooru òru, òjò ní mílímítà:

Jánúárì: 33, 18, 5
Fẹ́búárì: 35, 20, 15
Máàṣì: 35, 22, 50
Épírì: 33, 22, 105
Mée: 31, 22, 155
Júùnù: 30, 21, 180
Júláì: 28, 21, 170
Ọ́gọ́ọ́sì: 28, 21, 140
Sẹ̀tẹ́ńbà: 29, 21, 225
Ọ̀któbà: 30, 21, 150
Nòfẹ́ńbà: 32, 20, 20
Dìsẹ́ńbà: 33, 18, 3

Àpapọ̀ òjò jẹ́ 1,218. Mo pín in sí 25, mo yọ ọ́ kúrò nínú 100, ó ku 51. Dìsẹ́ńbà ní 3. Aw!

Àgbẹ̀_Ìjùmú

Ìlú wá jọ ìlú báyìí. Mo rí i pé o dín Ọ́gọ́ọ́sì kù díẹ̀, o ò gbẹ ẹ́ tán bíi ti ìsàlẹ̀ etíkun lọ́hùn-ún. Ó dáa.

Kóòdù_Ìsánlú

Àtẹ oṣù nìkan kò ní tó ẹ o. Ẹni tó ń rìnrìn-àjò nínú ìtàn rẹ kò lè pàdé mílímítà 225 lọ́nà, òjò ọjọ́ kan ló máa pàdé. Ìwọ lo máa sọ oṣù di ọjọ́.

Ọ̀nà rẹ̀ ti wà tipẹ́. Ní 1962, àwọn olùṣèwádìí méjì, Gabriel àti Neumann, yẹ òjò Tel Aviv wò, wọ́n rí i pé bí àná bá ṣe rí ló ń pinnu bó ṣe ṣeé ṣe tó kí òjò rọ̀ lónìí. Ní 1981, Richardson so ooru àti agbára oòrùn mọ́ ọn. Bí mo ṣe máa ṣe Sẹ̀tẹ́ńbà rẹ nínú Excel nìyí: tí òjò bá rọ̀ lánàá, fún òní ní 0.6, ìyẹn àǹfààní mẹ́fà nínú mẹ́wàá pé òjò á rọ̀, tí kò bá rọ̀, fún un ní 0.4. Jẹ́ kí RAND(), tó ń ṣà nọ́ńbà bí ẹni ń ta ayò, yan. Ní ìpíndọ́gba, ọjọ́ 15 nínú 30 ló máa ní òjò. Pín 225 sí 15, mílímítà 15 fún ọjọ́ òjò kọ̀ọ̀kan.

Má wá kọ 15 sí gbogbo ọjọ́ náà o. Òjò kékeré ló ń pọ̀, ńlá ò wọ́pọ̀, bó bá sì já, á wó ògiri. GAMMA.INV(RAND(),0.7,21.4) á ṣe é fún ẹ: ìpíndọ́gba rẹ̀ á ṣì jẹ́ 15, àmọ́ wàá rí 2, wàá rí 6, lọ́jọ́ kan wàá rí 60. Fún Épírì, lo 0.4 àti 0.18, ọjọ́ òjò bíi méje ló máa jáde.

Àgbẹ̀_Ìjùmú

Mo ní kí ọmọ mi bá mi ṣe Máàṣì àti Épírì lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Òjò yín yìí dáa, àmọ́ kò mọ bí wọ́n ṣe ń tan àgbẹ̀ jẹ.

Òjò tiwa, á já ní Máàṣì, á rọ̀ dáadáa lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo ìlú á ti kó àgbàdo sílẹ̀. Ló bá pa rẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òjò ò tún sọ nǹkan kan. Àgbàdo á yọ, ewé rẹ̀ á ká wọnú bí ẹni ń ká ẹní, á sì pọ́n láti etí wá. Ká tún irúgbìn rà ká tún gbìn. Ọdún míì wà tí òjò máa wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì, ọdún míì á di òpin Épírì. Tèyín ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún bákan náà. Ẹ̀yin ọmọdé ò mọ ọ̀dá 1983, tí iná jó oko kòkó. Ibo ni irú ọdún yẹn wà nínú Excel yín?

Kóòdù_Ìsánlú

Bàbá, ibi tí ọ̀nà yẹn kù sí gan-an lẹ tẹ̀. Àná nìkan ló ń rántí. Ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn kì í pọ̀ tó nínú rẹ̀, ọdún kan kì í sì yàtọ̀ sí òmíì tó bó ṣe yẹ.

Ọmọ_Owé, nǹkan méjì ni kó o yan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kó o tó kan ọjọ́ rárá. Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí òjò wọlé: jẹ́ kó lè fi ọ̀sẹ̀ méjì yá tàbí kó pẹ́, kó o sì sún gbogbo kàlẹ́ńdà òjò ọdún náà tẹ̀lé e. Èkejì, ọdún olójò ni àbí ọdún ọ̀dá: nọ́ńbà kan láàárín 0.75 sí 1.25 tó o máa fi sọ òjò gbogbo ọdún náà di púpọ̀. Fún ẹ̀tàn Máàṣì tí Bàbá ń wí, títí òjò á fi wọlé gan-an, jẹ́ kí òjò wá ní méjì-méjì, kí àlàfo gígùn tẹ̀lé e: 0.5 lẹ́yìn ọjọ́ òjò, 0.05 lẹ́yìn ọjọ́ gbígbẹ. Ṣe é fún ọgbọ̀n ọdún. Ọgbọ̀n ọdún náà ni àjọ ojú ọjọ́ àgbáyé, WMO, ń lò fún ìpíndọ́gba. 1991 sí 2020 ni èyí tó wà lóde báyìí. Tó o bá wá ro ọgbọ̀n ọdún rẹ pọ̀ tó o pín in, kó jáde súnmọ́ àtẹ rẹ. Tí kò bá jáde, tún nọ́ńbà ṣe. Bàbá á rí 1983 wọn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Àgbẹ̀_Ìjùmú

Ká má rí i o. Àmọ́ ó yé mi.

Dàákọ_Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ wò ó, gbogbo èyí tẹ́ ẹ ń ṣírò, ó wà nínú POWER láti 1981 títí dòní, pẹ̀lú 1983 Bàbá. Kí ó mú ọdún mẹ́wàá kan, kó da wọn pọ̀ mọ́ra, kó parí!

Kóòdù_Ìsánlú

Fún Àgbélókè, mo gbà fún ẹ. Détà náà ni Ọmọ_Owé lè fi ṣe ẹ̀rí: ṣé òjò tí Excel rẹ̀ gbé jáde jọ ti Kabba lóòótọ́? Fún Orí-Àpáta pẹ̀lú òkun tí kò sí láyé yìí, kò sí ibi tó ti máa rí i mú.

Létí_Odò_Lọ́kọ́ja

Ẹ ti gbàgbé Odò-Pàdé. Àtẹ òjò rẹ̀ kò ní sọ ohun tó ń lé àwọn èèyàn ibẹ̀ kúrò nílé.

Ní 2012 àti 2022, omi tó wọ ilé wa kì í ṣe òjò Lọ́kọ́ja nìkan. Omi tó ti rọ̀ sí òkè ọ̀hún ni, lójú ọ̀nà Ọya àti Bẹ́núé, ó ń rìn bọ̀ wá bá wa. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí omi ń pọ̀ sí i, oòrùn ló ń ràn lókè orí wa. Sẹ̀tẹ́ńbà sí Ọ̀któbà ni omi máa ń kún jù. Ọya tiẹ̀ tún ní ìkún kejì tó ń ti Mali bọ̀, ó ń fi oṣù bíi mélòó kan rìn gba inú àbàtà ńlá tó wà níbẹ̀, ó sì máa ń dé ìdídò Kainji nígbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́, tí òjò kan kò sí lójú ọ̀run.

Nítorí náà, ṣe àtẹ kejì fún Odò-Pàdé: gíga omi. Má fi òjò ìlú náà ṣírò rẹ̀. Wo máàpù rẹ, wo òjò ibi tí odò méjèèjì ti ń bọ̀, sún un síwájú ní oṣù kan tàbí méjì bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó, kó o rò ó pọ̀. Tí odò méjèèjì bá kún pọ̀ lóṣù kan náà, kó àwọn ènìyàn ìtàn rẹ gun orí òkè.

Ọmọ_Owé

Odò kan ti gúúsù bọ̀, èkejì ti ìlà-oòrùn. Ti gúúsù máa kún ní Fẹ́búárì nígbà náà, torí ó ti òdìkejì agbedeméjì ayé bọ̀, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwa ni òjò ibẹ̀ ń rọ̀. Orí mẹ́ta nínú ìtàn ló máa yí padà báyìí.

Tíṣà_Mopa

Kó yí padà. Ibo lo dé pẹ̀lú Yangí?

Ọmọ_Owé

Mo fẹ́ fi òjò 600 sí i, kí wọ́n lè gbin ọkà bàbà.

Tíṣà_Mopa

Látítíúdù 26, láàárín ilẹ̀: ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ tó gòkè ní agbedeméjì ayé ti ń sọ̀ kalẹ̀ padà, ó ti gbẹ kó tó délẹ̀. Mílímítà 600, Màìdúgùrì ló ń gba bẹ́ẹ̀, látítíúdù 12 ló sì wà. Òfin Köppen: sọ ìpíndọ́gba ooru ọdún di ìlọ́po 20, fi 280 kún un tí òjò bá ń rọ̀ nígbà ooru. Tí Yangí bá jẹ́ 24, 760 nìyẹn. Tí òjò kò bá tó ìdajì rẹ̀, ìyẹn 380, aṣálẹ̀ ni. Fún un ní 35.

Ọmọ_Owé

35 lóṣù?

Tíṣà_Mopa

Lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ sì lè rọ̀ ní ọ̀sán kan, kí ọdún méjì tún kọjá láìsí nǹkan kan. Bí o bá fẹ́ ọkà bàbà níbẹ̀, jẹ́ kí odò kan ti òkè ibòmíì gba ibẹ̀ kọjá, bí Náílì ṣe ń gba Íjíbítì.

Ìyá_Elélùbọ́

Èlùbọ́ á gbẹ níbẹ̀ o! Ẹ ní kí wọ́n wá ra iṣu lọ́dọ̀ wa.

Ọmọ_Owé

Màmá, ọ̀nà ọjà Àgbélókè sí Yangí ti wọ máàpù. Dìsẹ́ńbà ni ẹrù á máa gbéra, kí wọ́n lè dé kí Máàṣì tó jó wọn lójú ọ̀nà. Mo máa gbé fáìlì Excel náà síbí tí mo bá parí ọgbọ̀n ọdún Àgbélókè. Bàbá Àgbẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ yẹ Máàṣì wò.